Ihò Tí Kò Níṣẹ́

Alẹ́ yìí ni mo tó ráyè jókòó. Àtàárọ̀ la ti ń tún jíìgì bọ́ǹpà iwájú ṣe, ìyẹn férémù irin tí a fi ń di gbogbo ẹ̀yà mú gírígírí kí a tó jó wọn pọ̀, eruku gíráńdà ṣì wà nímú mi. Àárín iṣẹ́ la wà tí ọmọkùnrin tó ń bá wa ṣe ìwé pélébé fún àwọn oníbàárà fi dé. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ìtàn ilé iṣẹ́ yín, kó má ju ojú ewé kan lọ. Ọdún tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, àti bó ṣe ń gbòòrò sí i." Mo ní mo gbọ́. Àmọ́ bó ṣe lọ tán ni mo ti ń rò ó pé irú iṣẹ́ tiwa yìí, ìyẹn ṣíṣe irin àfikún fún ọkọ̀ tó ń wọ igbó àti ẹrẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ́ ni ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí nǹkan kán mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́ nínú igbó ni, tàbí ọjọ́ tí nǹkan sú u pátápátá.

Arthur Warn ni kí n kọ́kọ́ mú. Ogun Àgbáyé Kejì parí, jíìpù ogun wá di ohun tí ará ìlú ń rà. Willys àti Ford ti ṣe ohun tó lé ní 600,000 láàárín 1941 sí 1945. Jíìpù yẹn kò kọ ẹrẹ̀, àmọ́ tó bá dé ojú títì, wàhálà ni. Awakọ̀ lè ti yọ gíà iwájú o, síbẹ̀ tayà iwájú á ṣì máa fa ọ̀pá tó ń yí i àti gbogbo irin tó so mọ́ ọn káàkiri lásán, epo ń jó, irin ń jẹ irin. Ní 1948, Warn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe họ́ọ̀bù, ìyẹn irin àárín tayà, tí èèyàn lè sọ̀ kalẹ̀ fi ọwọ́ yí. Yí i síbí, tayà á dá yí fúnra rẹ̀. Yí i sọ́hùn-ún, ọ̀pá á tún gbá a mú. Nǹkan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Èèyàn lè rìn yí jíìpù po láìfura sí i, ohun tó sì jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ Warn tí àwọn ọmọ òde òní mọ̀ mọ́ wínṣì, ẹ̀rọ tó ń fi okùn irin fa ọkọ̀ tó bá rì, ẹ̀yìn èyí ló dé.

Tony Brown náà wà ní Ọsirélíà. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀gbẹ́ni yìí gbé Land Rover rẹ̀ lọ sí àríwá orílẹ̀-èdè náà, ó rí i bí irin tí àwọn èèyàn dè mọ́ ọkọ̀ ṣe ń kán lójú ọ̀nà. Ó padà sí Melbourne, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ nínú gáréèjì ní 1975. Bí ARB, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́ǹpà àti irin àfikún ọkọ̀, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ n sinmi ni Bruce Meyers ti Kalifóníà. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi oní-fáíbà ló mọ̀, ìyẹn okùn gíláàsì tí a fi oje tó ń gan lẹ̀ pọ̀. Ní 1964 ó fi fáíbà mọ ọkọ̀ kékeré kan tí yóò máa sáré lórí iyanrìn etí òkun, ó fi ẹ́ńjìnnì Volkswagen sí i lẹ́yìn, ó pè é ní Meyers Manx. Méjìlá àkọ́kọ́ ṣòro ṣe, wọ́n sì gbówó lórí. Lẹ́yìn náà ló dá ọgbọ́n: ó mú abẹ́ Beetle, ọkọ̀ kékeré Volkswagen, ó gé bíi sẹ̀ǹtímítà 36 kúrò nínú gígùn rẹ̀, ó jó o padà, ó wá gbé ara fáíbà lé e. Ẹni tó bá ti ní Beetle ògbólógbòó nílé lè ra ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀, kó lọ tò ó fúnra rẹ̀. Ní 1967, òun àti Ted Mangels gbé ọ̀kan láti La Paz dé Tijuana ní Mẹ́síkò, wákàtí 34 àti ìṣẹ́jú 45. Wọ́n fi wákàtí tó lé ní márùn-ún yá ju ẹni tó ti fi alùpùpù sá ọ̀nà náà ṣáájú wọn. Ariwo ta, gbogbo ayé ń fẹ́ ọ̀kan.

Ariwo yẹn náà ló kó bá a. Fáíbà kì í pa àṣírí mọ́. Ra ẹyọ kan ṣoṣo, fi ohun tí kò ní jẹ́ kó lẹ̀ pa á lára, tẹ́ fáíbà lé e, tó bá gbẹ kó o ṣí i: o ti ní mọ́ọ̀dù tìrẹ nìyẹn, tí wàá máa fi mọ òmíràn. Meyers gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀, ó pe aláwòkọ kan lẹ́jọ́, adájọ́ ní ìwé náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tó fi máa ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa ní 1971, ó ti ṣe nǹkan bí 6,000. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, òótọ́ ni, àmọ́ kí ẹni tó ń pa á lówe kọ́kọ́ sọ ọgbọ́n ta ló ń lò.

Tiwa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wínṣì fẹ́ fa ọkọ̀ wa jáde nínú ẹrẹ̀, tó jẹ́ pé bọ́ǹpà nìkan ló jáde. A wo irin ìdìmú rẹ̀, ìyẹn irin tó so ó mọ́ ṣáásí, egungun abẹ́ ọkọ̀, dáadáa. Ojú ibi tí wọ́n jó kò ya rárá. Irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjó náà gan-an ló ya, tààrà, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé bọ́tà. Wọ́n ti jó o ní ìlà kan gbọọrọ dábùú ṣáásí, gbogbo agbára wínṣì wá lọ já sórí ìlà yẹn. Láti ọjọ́ náà, irin ìdìmú tiwa gùn, orí rẹ̀ tín-ín-rín lọ ṣóńṣó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la ń jó, a kì í jó o dábùú. Ẹni tó bá ń wò ó lóde á rò pé ẹwà la ń wá.

Ní ọ̀sán òní, oníbàárà kan gbé bọ́ǹpà wá, irin ìdìmú rẹ̀ ti ya. Mo kọ́kọ́ rò pé tiwa ni. Àwòrán tiwa ni lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti gé irin náà kúrú, wọ́n sì jó o dábùú. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀, ihò tí a ń lu sí tiwa nítorí píìnì jíìgì nìkan, tí kò níṣẹ́ kankan mọ́ tí irin bá ti kúrò lórí jíìgì. Ẹni tó wò ó ṣe lu ihò náà síbẹ̀, ó tilẹ̀ fi fáìlì gé etí rẹ̀ dán.

Oníbàárà ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, owó tiwọn ló fúyẹ́." Mi ò bínú. A gé irin kúkúrú náà kúrò, a fi irin gígùn gba ẹ̀yìn rẹ̀, a jó o bó ṣe yẹ. Ọmọṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ṣé kí n dí ihò yìí?" Mo ní kó fi í sílẹ̀, ẹrẹ̀ á máa rí ibẹ̀ gbà jáde.