Bọ́tìnnì Kan Péré

"Kí ló wà nínú ká fọṣọ? Ṣebí bọ́tìnnì kan péré ni."

Ẹnu Bàbá Ìbejì ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ìyá Ìbejì ń di báàgì rẹ̀ lọ́wọ́, ó fẹ́ lọ wo ìyá rẹ̀, kò sì ní dé títí di ọjọ́ Ajé. Kò bá a jiyàn. Obìnrin tó ti ń fọ aṣọ ọmọ láti ọdún mẹ́fà mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kéèyàn fèsì sí, ó sì mọ èyí tó yẹ kéèyàn fi sílẹ̀ kó lọ fúnra rẹ̀ kọsẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta péré ló sọ:

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da pupa mọ́ funfun. Ẹ tú gbogbo àpò wò. Súwẹ́tà Ìdòwú, ọwọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, nínú omi tútù."

"Ó ti yé mi."

Ẹni tó bá ní ó ti yé òun kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, ẹ máa ṣọ́ ọ.

Bọ́ọ̀lù ló gba ọjọ́ Àbámẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kí Táyé tó béèrè ṣẹ́ẹ̀tì iléèwé ọ̀la, ìgbà náà ni ọ̀gá rántí pé aṣọ wà nílẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ lápapọ̀: ṣẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́rin ti Ìbejì, ṣòkòtò péńpé Kẹ́hìndé, súwẹ́tà Ìdòwú, síńgílẹ́ẹ̀tì funfun tirẹ̀ méjì, àti táwẹ̀lì mẹ́ta. Nínú ọ̀kan lára àwọn táwẹ̀lì yẹn, ìbọ̀sẹ̀ pupa tuntun kan ká jọ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i. Ó fi orúnkún ti gbogbo rẹ̀ wọ inú máṣìnì ìfọṣọ, ó fi èjìká pa ilẹ̀kùn dé. Bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí àtẹ́lẹwọ́ lè wọlé gbalaja láàárín aṣọ àti òkè àgbá máṣìnì. Bí aṣọ bá kún un dẹ́nu, kò sí ibi tó fẹ́ yí sí, ojú kan náà ló máa wà títí omi á fi tán.

Ó wá yí ojú ẹ̀rọ sí 60 dìgírì, nítorí, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ fún Táyé, "ìdọ̀tí kì í bá omi gbígbóná ṣeré." Òótọ́ ni, fún táwẹ̀lì. Fún àwọn tó kù nínú ẹrù yẹn, 30 ti tó, ó ti jù pàápàá fún ẹnì kan nínú wọn.

Ọṣẹ máṣìnì ti tán. Ó wo abẹ́ síǹkì, ó rí ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń fọ abọ́. Ọṣẹ kì í ṣe ọṣẹ ni? Ó wọn ife tíì kan, ó dà á sínú dúrọ́ọ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, ó lọ jókòó.

Ọṣẹ ìfọbọ́ àti ọṣẹ máṣìnì kì í ṣe ọmọ ìyá. Ẹni tó ń fọ abọ́ fẹ́ rí ìfófó, bó bá ti ń hó, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Máṣìnì onílẹ̀kùn iwájú kò fẹ́ ẹ. Bó ṣe ń fọṣọ ni pé ó ń gbé aṣọ lọ sókè, ó ń jù ú sílẹ̀ pàà sínú omi ìsàlẹ̀, ó tún ń gbé e. Ìjábọ́ yẹn gan-an ló ń lé ìdọ̀tí. Bí ìfófó bá kún inú rẹ̀, orí tìmùtìmù ni aṣọ ń já lé: kò ní mọ́, ọṣẹ kò sì ní ṣàn kúrò lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ máṣìnì fi ń po èròjà tó ń pa ìfófó mọ́ ọn. Ọṣẹ ìfọbọ́ kò ní irú èròjà bẹ́ẹ̀. Ṣíbí kékeré kan nínú rẹ̀ lè dá wàhálà sílẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ife tíì.

Ogún ìṣẹ́jú kò tíì pé tí Kẹ́hìndé fi yọjú sí pálọ̀.

"Dádì, máṣìnì ń fọ eyín o."

"Máṣìnì ń ṣe kí ni?"

"Ó ń fọ eyín. Ó ń tutọ́ rẹ̀ sílẹ̀."

Nígbà tí bàbá dé ìdáná, ìfófó ti gba ẹnu dúrọ́ọ̀ ọṣẹ jáde, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lójú máṣìnì bí irùngbọ̀n arúgbó, ó ti ń wá ọ̀nà abẹ́ tábìlì. Ìdòwú ọmọ ọdún mẹ́ta ti bọ́ bàtà.

Ohun tó yẹ kó ṣe kò le. Kó pa máṣìnì, kó má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, kó fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí kí ìfófó lè rọlẹ̀, kó wá fi omi tútù ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láìfi ọṣẹ sí i. Bí fínígà funfun bá wà, ìdajì ife nínú dúrọ́ọ̀ á mú kó tètè rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n máṣìnì náà ti dákẹ́ fúnra rẹ̀, iná pupa kan ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀, omi kò sì jáde. Páǹpù ló ń fa omi, kò mọ bí wọ́n ṣe ń fa ìfófó. Bó bá fa afẹ́fẹ́ títí tí kò rí nǹkan gbé, á dúró. Ọ̀gá ò mọ èyí. Ó ní nǹkan ló dí i.

Ẹnì kan ti sọ fún un rí pé asẹ́ kan wà lẹ́sẹ̀ máṣìnì, lẹ́yìn ìdérí kékeré, tí wọ́n máa ń yí jáde láti fọ̀. Òtítọ́ ni ẹni náà sọ, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Àwo pẹrẹsẹ la kọ́kọ́ ń tì sábẹ́ rẹ̀, kí àkísà wà nítòsí. Ẹ̀gbẹ́ asẹ́ náà, nínú ọ̀pọ̀ máṣìnì, tíúbù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ní ìdérí lẹ́nu. Òun la fi ń tú omi díẹ̀díẹ̀, àwo dé àwo, títí kò fi ní kán mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn la tó ń yí asẹ́, díẹ̀, ká dúró wò ó ná.

Bàbá Ìbejì kúnlẹ̀, ó di asẹ́ mú, ó yí i lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń ṣí ìdérí ìgò.

Omi tó tó garawa kan, tó gbóná, tó pupa, tó ń hó, tú sí i láyà. Táyé ní òun kò mọ̀ pé bàbá òun lè sáré bẹ́ẹ̀ láti orí ìkúnlẹ̀. Ìdòwú lọ mú pẹ́pẹ́yẹ rọ́bà rẹ̀ wá.

Ohun tó bọ́ láti inú asẹ́ náà nìwọ̀nyí: owó ẹyọ kan, pín-ìn-nì irun méjì, bọ́tìnnì kan, àti ìbọ̀sẹ̀ ìkókó kan tó ti dúdú, ti ìgbà tí Ìbejì ṣì wà lọ́mọ oṣù mẹ́rin. Ẹni tó bá ti bi ara rẹ̀ níbi tí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ń wọlé sí, àárín rọ́bà ẹnu ọ̀nà àti àgbá ló ń yọ́ gbà, á sì bọ́ sísàlẹ̀. Àpò aláwọ̀n tó ní síìpù la ń kó wọn sí ká tó fọ̀ wọ́n.

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ díẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ti di píǹkì. Kì í ṣe ibì kan píǹkì, ibì kan funfun, rárá o: ó gún régé bí ẹni pé aláró ló gbé e síṣẹ́. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé okùn tí wọ́n fi rán an ṣì funfun láú, etí kọ́là àti ẹ̀gbẹ́ àpò yọ kedere bí ìlà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fà. Òwú ló mu aró náà. Okùn ìránṣọ, pọliẹ́sítà ló sábà máa ń jẹ́, aró inú ìbọ̀sẹ̀ òwú kì í mú un. Bí wọ́n bá rẹ òwú láró pupa, kì í ṣe gbogbo aró ló máa ń wọ inú rẹ̀ lọ. Èyí tó ṣẹ́kù á jókòó sójú aṣọ, á máa retí omi gbígbóná. Fífọ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ ló máa ń tú jáde. Ìyá Ìbejì kì í fi aṣọ tuntun sínú nǹkan kan tí kò bá tíì rẹ etí rẹ̀ lómi, kó fi àkísà funfun tẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwé ìnujú tó wà nínú àpò Kẹ́hìndé ti di ẹgbẹ̀rún, ó lẹ̀ mọ́ gbogbo wọn bí ìyẹ́ adìyẹ. Ìyẹn ò tó nǹkan: ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ gbọ̀n ọ́n níta. Ẹni tó bá ń ṣà á ní tútù máa ṣà á dalẹ́.

Súwẹ́tà Ìdòwú ńkọ́? Ó wà níbẹ̀, lábẹ́ táwẹ̀lì, kò ju ìbọ̀wọ́ lọ. Irun àgùtàn ní ìpẹ́ lára bíi ti ẹja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lásán kò rí i. Omi gbígbóná á mú kí ìpẹ́ náà yanu, jíjù sókè sódò á mú kí wọ́n gbé ara wọn mì, wọn kò sì ní tú ara wọn sílẹ̀ mọ́. Ìdí tí wọ́n fi ní ká fọwọ́ fọ̀ ọ́ nìyẹn, ká má fún un, ká má gbé e kọ́.

Ọ̀gá kó ṣẹ́ẹ̀tì jọ, ó fẹ́ lọ fi áyọ̀ọ̀nù gbẹ wọ́n, bóyá wọn á ṣá. Kó tó tan iná áyọ̀ọ̀nù, ọkàn rẹ̀ ní kó pe ìyá rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan, mà. Mo kàn ń béèrè ni, pé bí aṣọ funfun bá ṣèèṣì pupa..."

"Pupa bí ẹ̀jẹ̀ ni, àbí pupa bí ìbọ̀sẹ̀?"

Ó dákẹ́.

"Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ó rìnrìn àjò, mà."

"Ẹn-ẹ́n." Màmá kò fi nǹkan kan kún un, àmọ́ ẹn-ẹ́n náà gùn. "Ṣé o ti sá a?"

"Rárá, mà. Áyọ̀ọ̀nù ni mo fẹ́..."

"Gbé áyọ̀ọ̀nù sílẹ̀! Aró tó ṣì tutù ṣì ń wá ilé. Tí o bá fi iná gbẹ ẹ́, ó ti kọ́lé nìyẹn."

"Bílíìsì wà níbí, mà, fínígà náà wà. Ṣé kí n po wọ́n pọ̀ kó lè lágbára?"

Kẹ́hìndé tó wà ní pálọ̀ gbọ́ igbe tó jáde látinú fóònù. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Bílíìsì oníkílórínì àti fínígà, bí wọ́n bá pàdé, gáàsì kílórínì ló ń jáde, tó ń jó ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró. Ìdáná tí fèrèsé rẹ̀ tì kì í ṣe ibi téèyàn ń dán irú ẹ̀ wò.

Màmá ní kó wá bílíìsì ọ́síjìn, ìyẹ̀fun funfun tí kò ní òórùn líle. Abẹ́ síǹkì náà ló wà, lẹ́yìn ọṣẹ ìfọbọ́. Ìyàwó ilé ti rà á sílẹ̀ tipẹ́. Kó tú u sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ìwọ̀n tí ara páálí bá sọ, kó tẹ ṣẹ́ẹ̀tì rì pátápátá, kó fi wọ́n sílẹ̀ di àárọ̀. Kó má fi súwẹ́tà sí i o, irun àgùtàn ò fẹ́ irú omi bẹ́ẹ̀.

Ti súwẹ́tà, kọ̀ndíṣọ́nà irun ni. Ó pò ó mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ó rẹ súwẹ́tà sínú rẹ̀ fún ìdajì wákàtí, ó fi táwẹ̀lì tẹ omi kúrò, ó sì ń fà á díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì. Èyí tí kò bá tíì le gan-an máa ń yọ̀ǹda díẹ̀. Ó fa apá ọ̀tún, Táyé fa apá òsì, Táyé sì lágbára. Apá ọ̀tún mọ sí ìgúnpá, apá òsì kọjá ọwọ́. Wọ́n gbé e fún béárì Ìdòwú. Béárì ò ráhùn.

Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ajé, ọkùnrin yìí fọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ní 40 dìgírì, lọ́wọ́, ó ń wò wọ́n lábẹ́ iná bí ẹni ń wo owó bóyá ayédèrú ni. Wọ́n ti funfun. Ó lọ̀ wọ́n ní tútù, àwọn ọmọ wọ̀ wọ́n lọ, èéfín ṣì ń rú lẹ́yìn Kẹ́hìndé.

Ìrọ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì ti dé. Ó ti wo ṣẹ́ẹ̀tì lára àwọn ọmọ, kò rí àléébù. Ó wọ ìdáná, ó dúró, ó wo ilẹ̀. Ilẹ̀ náà ń dán ju bó ṣe máa ń dán lọ, títí kan abẹ́ máṣìnì, ibi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kì í dé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ó sọ, bí ọkọ rẹ̀ ṣe ti ibi iṣẹ́ wọlé. "Ìfọṣọ ò ṣe yín ní nǹkan?"

"Kí ló fẹ́ ṣe mí?" Ó jókòó sórí àga, ó nasẹ̀. "Mo ti sọ fún ẹ tẹ́lẹ̀."

Ooru mú díẹ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó tú bọ́tìnnì kan péré lọ́rùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì píǹkì sì yọjú.