Ẹ Má Parọ́ fún Ẹni Tó Ń Yẹ̀ Yín Wò

Ẹ̀yin ará mi tí ọlọ́pàá mú ní Chicago torí pé ẹ mutí wakọ̀, ẹ dákun, ẹ gbọ́ tèmi, nítorí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ta mí lára. Ní ìpínlẹ̀ Illinois, kí adájọ́ tó dájọ́ fún èèyàn, ẹni tí ìjọba fún níwèé àṣẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ onítọ̀hún àti ọtí wò. Lọ́yà mi sọ fún mi, ṣùgbọ́n mi ò kà á sí.

Obìnrin tó yẹ̀ mí wò bi mí pé ìgò mélòó ni mo mu lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní méjì. Ó tún un bi, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Mo ní méjì náà ni, pé ibi ìsọmọlórúkọ ni mo ti ń bọ̀, àwa kì í mutí nílé. Kò bá mi jiyàn. Ó rọra fa ìwé ọlọ́pàá jáde nínú fáìlì, ó yí i kọjú sí mi, ó sì fi ìdí bírò rẹ̀ kan ibi tí wọ́n kọ 0.17 sí, ìyẹn ìwọ̀n ọtí tó wà lára mi, bẹ́ẹ̀ 0.08 ti tó láti sọ awakọ̀ di arúfin. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọlọ́pàá náà kọ ọ́ sí pé àga ọmọdé wà lẹ́yìn ọkọ̀, pé kò sí ọmọ nínú rẹ̀. Mo wo ìlà yẹn títí. Àga ọmọ mi ni. Ká ní mo gbé e dání lálẹ́ ọjọ́ yẹn ńkọ́? Omi bọ́ lójú mi, obìnrin náà ti páálí tíṣù sọ́dọ̀ mi, kò sì sọ nǹkan kan títí mo fi sọ pé, "Ìgò méje ni, mà."

Èmi kì í ṣe ọ̀mùtí, ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ mi kò lè sọ 0.17 di 0.10, iye yẹn ló sì ti gbé mi sí ìpele kejì nínú àwọn ìpele ewu tí wọ́n ń pín awakọ̀ tó mutí sí: ẹ̀kọ́ wákàtí 10 àti ìjíròrò wákàtí 12. Ìpele tó kéré jù, ẹ̀kọ́ wákàtí 10 péré ni. Ẹni tí ọtí bá ti di bárakú fún yóò gba ìtọ́jú tí kò ní dín ní wákàtí 75. Mo ti parí tèmi. Ohun tí irọ́ lè ṣe kò ju pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tó ń lọ síwájú adájọ́ pé ọ̀rọ̀ yín kò bá ti ọlọ́pàá mu.

Kí ẹ tó lọ, ẹ bá ọkọ tàbí aya yín jókòó, kí ẹ jọ ka ìgò náà. Ìyàwó mi ló rán mi létí ìkẹjọ, mo sì padà lọ sọ ọ́ fún obìnrin náà.