Ẹ kọ nọ́ńbà kọ́sítọ́mà yín sínú ìwé o: ohun tí ojú mi rí lórí WhatsApp

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà lórí fóònù bíi tèmi, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí olè gba WhatsApp mi lọ́wọ́ mi, àmọ́ tí fóònù bá dún àyà mi ṣì ń já. Àdìrẹ ni mò ń ṣe, n'Ítòkú, l'Ábẹ́òkúta níbí, oníko tá a fi ń so aṣọ àti alábẹ́là tá a fi àbẹ́là ṣe ọnà ẹ̀, ọdún kọkànlá mi rèé nídìí aró. Àwọn tó ń wá rajà lọ́wọ́ mi nínú ọjà ò tó ìdajì àwọn tó ń rà á lórí WhatsApp. Bí aṣọ bá ṣe ń gbẹ lórí okùn ni màá ti yà á, màá gbé e sí status, kílẹ̀ tó ṣú ẹnìkan á ti ní "Àǹtí Aládìrẹ, ẹ bá mi mú yáàdì márùn-ún pamọ́." Status yẹn, wákàtí 24 péré ló ń lò, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, tá ò bá gbé òmíràn síbẹ̀ lọ́la, ṣọ́ọ̀bù ti padé nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú aró, mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà torí caustic soda, ìpè wọlé, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi tẹ̀ ẹ́ sí spíkà. Ọkùnrin kan ní òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tá a jọ jáde nílé ìwé. Ó pe orúkọ mi bó ṣe yẹ, ó mọ ọdún tí mo jáde. Ó ní wọ́n fẹ́ ṣèpàdé lórí fóònù, wọ́n ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí mi, kí n kà á fóun kóun lè fi orúkọ mi kún un. Kóòdù wọlé lóòótọ́. Mo ní kí ọmọ yẹn kà á, ló bá dákẹ́ díẹ̀, ó ní "Àǹtí, wọ́n kọ ọ́ síbí pé ká má fún ẹnikẹ́ni o." Mo ní "Nọ́ńbà ni mo ní kó o kà, ta ló bi ẹ́ léèrè ìyókù?" Ó ka nọ́ńbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin yẹn ń tún un kà tẹ̀lé e. Ó tiẹ̀ ṣàdúrà fún mi kó tó gé ìpè.

Ẹ má tíì pè mí ní òmùgọ̀. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ wà nínú aró ò lè fi aṣọ sílẹ̀ kó máa ka méséèjì, tí aṣọ bá pẹ́ jù níbẹ̀ ó ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wa á mọ̀. Ọmọ ọdún 16 sì lọmọ yẹn, ta ni ì bá gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ gbọ́? Ó dáa, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n gbọ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́.

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí WhatsApp fi jù mí síta, wọ́n ní wọ́n ti forúkọ nọ́ńbà mi sílẹ̀ lórí fóònù mìíràn. Mo tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n fún mi ní kóòdù tuntun, wọ́n ní a ti béèrè kóòdù jù, ká dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Olè yẹn ti mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́ léraléra kọ́wọ́ mi má bàa tó o. Lọ́sàn-án mo gba fóònù ọkọ mi, mo ṣí status, mo rí ara mi. Fọ́tò mi tí mo we gèlè kàǹpálà tí mo ń rẹ́rìn-ín, lábẹ́ ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ pé mo fi 20,000 náírà sínú káràkátà kan, mo gba 60,000 láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ni tó bá fẹ́ wá bá mi sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Àwòrán àlẹ́ẹ̀tì báńkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Èèyàn 140 ló ti wò ó, ọkọ mi ló ní kí n má gbàgbé pé ọjọ́ táṣọ mi dáa jù lọ, a ò rí tó bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún ni àbí kí n lù ú. (Kọ́sítọ́mà kan tí olè yẹn fi iye náà ṣe fọ́ńté fún ló sọ ọ́ fún wa.) Olè yẹn ti kọ̀wé sí ọkọ mi gan-an: "Good afternoon sir." Ọkọ tí mi ò pè ní sà láti ọjọ́ tá a ti fẹ́ra wa!

Èyí tó dùn mí jù dé láago mẹ́rin. Màmá kan n'Íbàdàn, kọ́sítọ́mà mi láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, wọ́n pè mí lórí nọ́ńbà lásán. Wọ́n ní "Ọmọ mi, ṣówó yẹn ti wọlé?" Mo ní "Owó wo, Mà?" Wọ́n dákẹ́. Mo ń gbọ́ rédíò tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn. Mo tún ní "Mà, owó wo?" Wọ́n ní "85,000 tó o ní kí n yá ẹ, tó o ní báńkì ẹ ò ṣiṣẹ́, wàá dá a padà lálẹ́." Owó páànù ilé wọn ni. Wọn ò ṣépè o, ì bá sàn kí wọ́n ṣépè. Wọ́n kàn ń sọ ọ́ pé "Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ọmọ ọmọ mi ló kà á fún mi, mo ní bóyá ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹ ló ń bá ẹ tẹ̀ ẹ́." Ọdún mẹ́fà, ohùn ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sí Màmá, Yorùbá pọ́ńbélé, mi ò kọ òyìnbó sí wọn rí lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí mo fi máa rántí aṣọ, yáàdì mẹ́wàá ti dúdú kirikiri, iko tí mo fọjọ́ méjì so, ọnà ẹ̀ ò hàn mọ́.

Níbi tí mo tún ti fọwọ́ ara mi ṣe ara mi: jìnnìjìnnì mú mi, mo gbà pé olè wà nínú fóònù yẹn, mo gbé e lọ fún ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe, mo ní kó fọ̀ ọ́ mọ́. Ó fọ̀ ọ́ mọ́ lóòótọ́, kò ku nǹkan kan. Olè ò sì sí nínú fóònù mi tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà mi ló gbé lọ sórí fóònù tiẹ̀. Mi ò tan bákọ́ọ̀pù torí dátà, nọ́ńbà àwọn èèyàn, orí fóònù ni mo fi wọ́n pamọ́ sí, àwọn míì tiẹ̀ wà tí mi ò fi pamọ́ rárá, inú chat ni wọ́n wà. Bí kọ́sítọ́mà ọdún mọ́kànlá ṣe lọ nìyẹn. Olè ti fi PIN tiẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí WhatsApp máa ń béèrè lẹ́yìn kóòdù, sí i, tí wọ́n bá sì ti ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méje gbáko lẹ máa dúró kẹ́ ẹ tó lè wọlé láìní PIN. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá ti tẹ kóòdù tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí síìmù yín, olè ti bọ́ síta nìyẹn, bẹ́yin náà ò tiẹ̀ tíì rí àyè wọlé. Ẹ má jẹ́ kó sú yín, bí àkókò tí wọ́n ní kẹ́ ẹ dúró bá ti pé, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹjọ mo wọlé. Mo ti san ìdajì owó Màmá, ọjà ti ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ó tán.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, ìwé ni. Ìwé 60 leaves, bírò, orúkọ, nọ́ńbà, ìlú, aṣọ tó fẹ́ràn. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní ayé ìsinsìnyí kọ́, ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ 4 oṣù October 2021, tí WhatsApp, Facebook àti Instagram kú pa pọ̀ fún bíi wákàtí mẹ́fà? Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n ti ra ìwé.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń sọ fún mi pé kí n ṣí channel, ojú ewé tí èèyàn lè máa tẹ̀ lé lórí WhatsApp, kí n bọ́ sórí TikTok. Mo ti bọ́ sí i, mo ń ya bí mo ṣe ń tú iko lára aṣọ, àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ń tẹ̀ lé channel yín, tẹ́ ò bá ti ní nọ́ńbà ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ò lè rí i níbẹ̀. TikTok náà ò ní fún yín ní nọ́ńbà ẹnì kan. Ẹgbẹ̀rún èèyàn lè máa wò yín kẹ́ ẹ má lè pe ẹyọ kan. Nítorí náà ẹni tó bá ti rajà lẹ́ẹ̀kan, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀, ẹ kọ ọ́. Broadcast pàápàá, ìyẹn méséèjì kan tá a fi ń ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, èèyàn 256 ni list kan ń gbà, ẹni tó bá sì ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù ẹ̀ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi pamọ́, kẹ́yin náà kọ tiwọn sínú ìwé.

PIN ńkọ́? Ẹ fi sí i lónìí, inú Settings, Account, Two-step verification, kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì. Ẹ wo Linked devices náà, bóyá WhatsApp yín ṣí sórí ẹ̀rọ mìíràn. Ká ní mo ti fi PIN sí i ni, kóòdù tọ́mọ yẹn kà nìkan ì bá má tó olè láti wọlé. Kẹ́ ẹ sì sọ fún kọ́sítọ́mà yín pé ẹni tó bá tọrọ owó lórúkọ yín láìjẹ́ pé wọ́n gbóhùn yín, olè ni. Bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún wọn bí wọ́n bá gba WhatsApp lọ́wọ́ yín, ẹ ti mọ̀: inú ìwé.

Ọmọ yẹn ló ń tọ́jú ìwé báyìí, ó ti kọ èèyàn 93 sí i, àwọn kan tiẹ̀ wà nínú rìsíìtì àtijọ́ àti lára páálí tá a fi ń ránṣẹ́ lọ sí gáréèjì. Lánàá Màmá Ìbàdàn fi àwòrán aṣọ kan ránṣẹ́, wọ́n ń béèrè iye tí yáàdì márùn-ún jẹ́. Mo fi ohùn dá wọn lóhùn bí mo ṣe máa ń ṣe. Wọ́n fèsì pé "Pè mí ná, kí n gbọ́ ẹ."

Mo pè wọ́n.