Dírágónì Akúdàáyà

Nínú gbogbo ẹranko abàmì inú Dungeons & Dragons, ìyẹn eré ìtàn àfẹnusọ tí ẹnì kan máa ń darí, tí àwọn yòókù á máa ṣe akọni inú rẹ̀, dracolich ni mo fẹ́ràn jù. Dírágónì alààyè ni tẹ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mu májèlé, kí ọkàn rẹ̀ lè wọ inú òkúta iyebíye kan. Ẹ fọ́ egungun rẹ̀ wómúwómú, ẹ̀mí á padà sínú òkúta yẹn, á máa retí òkú dírágónì mìíràn tó máa gbé wọ̀. Akúdàáyà paraku!

Nínú eré tá à ń ṣe ní Alágbàká, l'Àkúrẹ́ níbí, abẹ́ Òkè Ìdànrè ni mo fi òkúta tirẹ̀ pamọ́ sí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣì ń fi idà bá egungun jà. Ẹni tó ń ṣe babaláwo láàárín wọn nìkan ló ti ń béèrè ibi tí ọkàn wà, inú mi sì dùn gan-an.