Ọdún Tí Ara Mi Dàgbà: Àyẹ̀wò 2025

Sáà eré síkéètì orí yìnyín kì í bá ọdún rìn. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ló ń bẹ̀rẹ̀, ìparí oṣù kẹfà ló sì ń parí, nítorí náà àárín iṣẹ́ ni mo wà bí gbogbo ayé ṣe ń dágbére fún 2025 yìí. Síbẹ̀, mo fẹ́ jókòó ṣírò tèmi, torí pé ìwé máàkì kò lè sọ ohun tójú mi rí lọ́dún yìí tán. Mo pé ọmọ ọdún 16. Mo ga kọjá màmá mi, èjìká mi fẹ̀, ìdí mi fẹ̀, àwọn ìfò tí mo ti mọ̀ láti kékeré sì di àjèjì sí mi lára.

Ẹni tí kò bá mọ eré yìí lè béèrè pé kí ló kan gíga nínú ọ̀rọ̀ ìfò. Triple ni pé kí èèyàn yí po lẹ́ẹ̀mẹta nínú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀, gbogbo ẹ̀ kò sì tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ìyẹn tó lè ṣeé ṣe, o ní láti kó apá mọ́ àyà, kí o lẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, kí ara rẹ má gba àyè rárá. Bí apá bá wá gùn sí i, tí ìdí sì fẹ̀ sí i, ìyípo á falẹ̀. Ọpọlọ ṣì ń pàṣẹ fún ara tàná, ara tòní ló ń jẹ́ ẹ, kì í sì í tètè jẹ́ ẹ.

Lutz, ọ̀kan lára àwọn ìfò wa, ló kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Irin abẹ́ bàtà wa ní etí méjì, etí inú àti etí òde, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà láàárín wọn. Lutz fẹ́ kí o máa fẹ̀yìn rìn lórí etí òde ẹsẹ̀ òsì, kí o tẹ ọ̀nà gígùn kan sí apá kan, kí o wá fò, kí o sì yí sí apá kejì. Ara kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá ku díẹ̀ kí o fò, ọrùn ẹsẹ̀ á fẹ́ yẹ̀ sí etí inú, àwọn tó ń tún fídíò wò níbi ìdíje á sì kọ “e” sí i. Triple Lutz tó péye jẹ́ 5.90 kí àwọn adájọ́ tó fi kún un tàbí kí wọ́n yọ nínú ẹ̀. Bí wọ́n bá fi “e” sí i, tàbí “<” tó túmọ̀ sí pé ìyípo kò pé, ó di 4.72. Bó o bá tún wá ṣubú, máàkì kan tún lọ. Láti oṣù kejì títí di oṣù kẹfà, àmì yìí ló kún ìwé mi.

Kóòṣì mi yọ triple Lutz kúrò pátápátá nínú ètò mi, ìyẹn eré tí mo ń fi orin ṣe níwájú àwọn adájọ́. Wọ́n ní ká padà sórí etí irin. Kùtùkùtù la máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi gbígbóná dán ojú yìnyín tán, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gun orí ẹ̀. Mo máa tẹ ọ̀nà kan lórí ẹsẹ̀ òsì nìkan, láìfò, kóòṣì á sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa fi ìka tọ ìlà tí irin mi fà. Níbi tí mo bá ti wà lórí etí òde lóòótọ́, ìlà kan ṣoṣo tín-ín-rín ni. Níbi tí ọrùn ẹsẹ̀ bá ti ń rọ̀, ìlà náà á di méjì tó ń bá ara wọn lọ. “Ibí yìí lo ti fi í sílẹ̀,” wọ́n á ní, wọ́n á sì dìde. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tó fi di oṣù kẹjọ, mo lè gbọ́ ọ létí: etí tó jìn máa ń dún bí aṣọ tí wọ́n ń ya.

Ohun kan ṣì ń dùn mí. Níbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan, àgbàlagbà kan wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní bí mo bá dín oúnjẹ kù, àwọn ìfò mi á padà. Màmá mi wà níbẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ mi ń dàgbà ni, kò ṣàìsàn.” Wọ́n mú mi jáde, a sì jẹun. Ọ̀rọ̀ tí ẹni yẹn sọ wọ́pọ̀ nínú eré yìí, ó sì ti ba ayé ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin jẹ́. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò tíì dé ni wọ́n ń fẹ́; bí ara bá dé, wọ́n á ní ó ti tán.

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn sí òfin ọjọ́ orí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ISU, àjọ tó ń ṣàkóso síkéètì lágbàáyé, dìbò pé kí ọjọ́ orí ẹni tó lè bá àwọn àgbà díje kúrò ní 15, kó di 16 ní sáà 2023–24, kó sì di 17 láti sáà 2024–25. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan bínú. Ní tèmi, òfin yẹn ló fún mi láyè láti dàgbà láìsí pé mo ń sá fún un.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ìdíje àgbáyé ní Boston ní oṣù kẹta. Ọmọ ọdún 13 ni Alysa Liu nígbà tó gba adé àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ní 2019. Lọ́dún yẹn kan náà ló fò quadruple Lutz níbi ìdíje; quadruple, tàbí quad, ni pé kí èèyàn yí po lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní 2022, ó ní eré náà tó, ọmọ ọdún 16 péré. Ó lọ, ó wọ yunifásítì. Ó padà ní 2024, ó sì gba ipò kìíní lágbàáyé ní Boston pẹ̀lú 222.97. Láti ìgbà Kimmie Meissner ní 2006, obìnrin Amẹ́ríkà kankan kò tíì gbà á. Kò sí quad kankan nínú ètò rẹ̀ o! Ẹni tó ṣe ipò kejì, Kaori Sakamoto ará Japan, ti gbà á léraléra ní 2022, 2023 àti 2024, láìsí quad, láìsí triple Axel, ìfò oníyípo mẹ́ta àtààbọ̀. Eré sísá àti etí irin ló ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́. Èmi àti màmá mi jọ wò ó lórí fóònù, mo sì sunkún. Ara obìnrin ni àwọn méjèèjì fi ṣe é.

Àwòrán Debi Thomas wà lára ògiri mi láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Màmá mi ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Òun ló gba ipò kìíní lágbàáyé ní 1986, ó sì gba idẹ ní Calgary ní 1988, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ ní Olympics ìgbà òtútù. Yunifásítì Stanford ló ti ń kàwé nígbà tó gba ti 1986. Mo máa ń wo ìyẹn bí ìdánwò ilé ìwé bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìdíje.

Triple Lutz padà wá ní oṣù kẹwàá. A dá a padà sínú ètò gígùn, èyí tó gùn jù nínú ètò méjì tí a máa ń ṣe níbi ìdíje, fún ìdíje oṣù kọkànlá. Mo gbọ́ etí òde, mo fò, mo balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo sì ń yọ̀ lọ sẹ́yìn. Nígbà tí ìwé máàkì dé, 5.90 ló wà níwájú rẹ̀, kò sí “e”, kò sí “<”. Ipò karùn-ún ni mo ṣe, níbi tí mo ti ṣe ipò kẹta lọ́dún tó kọjá. Ṣùgbọ́n máàkì tí wọ́n fún mi lórí bí mo ṣe ń síkéètì gan-an, láìka ìfò, ga ju gbogbo èyí tí mo ti gbà rí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ kóòṣì mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá mi, kí Ọlọ́run dá wọn sí.

Fún ọdún tó ń bọ̀, a fẹ́ gbé Lutz yẹn kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ ètò gígùn lọ sí apá ìparí, níbi tí wọ́n ti ń fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún ìfò mẹ́ta tó kẹ́yìn. 5.90 á di 6.49, bí ẹsẹ̀ mi bá lè gbé e nígbà tó bá ti rẹ̀ mí. Oṣù keje 2026 ni mo lè wọ ẹgbẹ́ àgbà, ètò gígùn mi á sì kúrò ní ìṣẹ́jú mẹ́ta àtààbọ̀, á di mẹ́rin. Bàtà tuntun ti dé, awọ rẹ̀ ṣì le. Kóòṣì ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní la máa bẹ̀rẹ̀.