Yìnyín orí apá bàálù, kì í ṣe bó ṣe wúwo ni wàhálà ẹ̀

Ìgbà tí mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú gan-an, mo rí yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí apá bàálù kékeré tá a fẹ́ gbé, bí ìgbà tí wọ́n wọ́n páúdà sí i, mo ní kí lèyí fẹ́ ṣe, kò tiẹ̀ lè wúwo tó báàgì mi. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi ò bínú o, ó kàn ní kí n bọ́ ìbọ̀wọ́ kí n fọwọ́ pa á. Sanpépà gidi!

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ṣé ẹ rí i, atẹ́gùn tó ń gba ara apá kọjá ló ń gbé bàálù ró, ó sì gbọ́dọ̀ máa lẹ̀ mọ́ orí apá yẹn bó ṣe ń lọ, tí ibẹ̀ ò bá ti dán mọ́, pàápàá níwájú apá, atẹ́gùn á tètè já kúrò. Yìnyín tó kàn rí bíi sanpépà lè gé agbára tó ń gbé bàálù sókè kù tó 30%, kó tún fi 40% kún èyí tó ń fà á sẹ́yìn. Bàálù á wá stall, ìyẹn ni pé apá ò ní lè gbé e ró mọ́, lórí sípíìdì tí kò yẹ kó ti stall, áláàmù tó yẹ kó kìlọ̀ sì lè má tíì dún, torí apá tó mọ́ ni wọ́n fi ṣètò ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì wà lókè nínú yìnyín, ẹ má gbọ́kàn lé autopilot, ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ wa bàálù. Á máa bá yín fà á láìsọ̀rọ̀, ẹ ò ní mọ̀ pé bàálù ti ń le lọ́wọ́. Bàálù akérò ATR 72 tó já ní Roselawn, ní Indiana ní Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1994, yìnyín kóra jọ sẹ́yìn rọ́bà tó ń wú láti fọ́ ọ dànù, autopilot jù ú sílẹ̀ lójijì, bàálù yí dànù, èèyàn 68 ló kú.

Omi gbígbóná ńkọ́? Ẹ má dán an wò, á ṣàn wọ ojú ìdè àwọn ibi tó ń mì lẹ́yìn apá, tí wọ́n fi ń darí bàálù, á tún dì síbẹ̀.

Àwa ti bàálù tiwa sínú oòrùn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, a dúró títí gbogbo ẹ̀ fi yọ́, mo fi tówẹ̀lì nu apá méjèèjì gbẹ, ọ̀gá tún wá fọwọ́ pa á fúnra ẹ̀ ká tó wọlé.