Orin tó wà lára òkúta: mo lọ kí Fanny Hensel ní Berlin

Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tí kò mọ ohùn tí a fi ń kọ "Gbọ́ ẹ̀dá ọ̀run" nígbà Kérésìmesì. Felix Mendelssohn ló ni ohùn náà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin, Fanny (Hensel ni orúkọ ọkọ rẹ̀), tí òun náà ń kọ orin sílẹ̀, tí iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ sì lé ní 450. Torí rẹ̀ ni mo ṣe lọ sí Berlin.

Mehringdamm ni mo ti sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Itẹ́ òkú tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, wọ́n so kọ́ra ni, mo sì ṣìnà. Màmá kan tó ń bomi rin òdòdó ló nawọ́ ọ̀nà sí mi.

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sùn ti ara wọn. Àgbélébùú funfun ló wà lórí ti Felix. Òkúta ti Fanny ní tirẹ̀, orin ló wà lára rẹ̀: ìlà àti àmì ohùn gan-an, látinú orin tó kọ kẹ́yìn. Mo lóṣòó tì í, mo ń fi ìka tọ àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wá ibi tí dò wà kí n lè fi sọ-fà kọ ọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó bọ́ sí mi lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èrò àti orin ń lọ títí dé ìjọba ọ̀run.

Ọmọ ọdún 14 ni Fanny nígbà tí bàbá rẹ̀ kọ lẹ́tà sí i ní 1820 pé orin lè di iṣẹ́ fún Felix, àmọ́ ọ̀ṣọ́ lásán ni fún òun. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí bíi pé èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí. Orin rẹ̀ mẹ́fà jáde nínú ìwé àbúrò rẹ̀, lórúkọ àbúrò. Ní 1842, Ọbabìnrin Victoria kọ ọ̀kan nínú wọn níwájú Felix láàfin ní London, Felix sì jẹ́wọ́ fún un pé ẹ̀gbọ́n òun ló ni ín. Ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ó di 1846 kí Fanny tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé orin tirẹ̀ jáde. Sonata Ọdún Àjíǹde tó kọ fún píánò ní 1828 ńkọ́? Felix ni wọ́n kà á sí. 2017 ni wọ́n tó fi píánò kọ ọ́ ní gbangba ní London lórúkọ ẹni tó ni ín.

Láti ibẹ̀ mo gba Leipziger Straße lọ. Ilé aṣòfin Bundesrat ló wà níbi tí ilé wọn wà tẹ́lẹ̀. Gbọ̀ngàn inú ọgbà ibẹ̀ ni Fanny ti ń ṣe orin ọjọ́ Àìkú rẹ̀, tí Liszt àti Clara Schumann, àwọn gbajúgbajà atẹpíánò ìgbà náà, wá jókòó gbọ́. Ibẹ̀ náà ló ti ń dánrawò fún orin ọjọ́ Àìkú ní May 14, 1847, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kú lórí píánò. Ó kú lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹni ọdún 41. Felix kò lò tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀.

Berlin yìí kan náà ni Unsuk Chin, ọmọ Korea, ń gbé láti 1988, tó ń kọ orin, tí orúkọ tirẹ̀ sì ń wà lórí rẹ̀.

Mo dúró níwájú ẹnubodè Bundesrat, mo ń rọra kọ ohùn ara òkúta yẹn, dò rẹ̀ kò tún ṣì mí lọ́wọ́ mọ́, títí bọ́ọ̀sì mi fi dé.